Wá Bá Mi Di Etí Kejì Mú

Ọjọ́ tí Màmá Ìta ní kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn Télọ̀ kúrò lára ògiri, àwọn ará ilé kọ́kọ́ rò pé orí ìyá náà ti dàrú ni. Káfíńtà dé láàárọ̀ pẹ̀lú òòlù àti àpò irin iṣẹ́ rẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó bojú wẹ̀yìn wo Màmá.

"Ta ló ní kí o kanlẹ̀kùn?" ni Màmá wí. "Ṣé àlejò ni ọ́ ni? Yọ ọ́, jàre."

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn fi gbéra, ìmọ́lẹ̀ sì rọ́ wọnú yàrá tí kò rí oòrùn láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ ti jóná. Télọ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi aṣọ borí. Ó ti ń gbọ́ ariwo òòlù, àmọ́ ó rò pé àwàdà ni, pé wọn ò ní ṣe é délẹ̀. Nígbà tó ṣí aṣọ lójú, tó rí gbogbo ará ilé tí wọ́n tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń wò ó, ó fò dìde.

"Màmá! Ilẹ̀kùn mi dà?"

"Mo ní kó lọ gba atẹ́gùn."

"Ilẹ̀kùn?"

"Òun náà ni. Inú ilé ti sú u. Ìwọ máa sùn ní tìẹ, kò sẹ́ni tó bá ọ wí."

Lóòótọ́ lóòótọ́, Màmá àti Káfíńtà gbé ilẹ̀kùn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù, Màmá tẹ́ aṣọ lé e lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀. Télọ̀ fi aṣọ ró ìdí, ó jáde tẹ̀ lé wọn, ó di ojú pọ̀ nínú oòrùn, ó sì pariwo. Ó ní wọ́n ń fi òun ṣẹ̀sín nítorí pé nǹkan bà jẹ́ fún òun. Ó ní òun á kó jáde. Ó bínú débi pé ohùn rẹ̀ há. Màmá ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ títí Télọ̀ fi dákẹ́ láti mí.

"O ti parí? Ó dáa. Nígbà tó o sì kúkú ti jáde, wá bá mi di etí kejì mú."

Ó ki ọwọ́ bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ búlúù kan yọ tó ń kán omi tótó, ó sì ti etí kan lé Télọ̀ lọ́wọ́. Kí Télọ̀ tó rántí pé ìjà lòun wá jà, ó ti ń fún aṣọ.

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Màmá Ìta nísinsìnyí tí kò sí mọ́, ibi ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí. Télọ̀ náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ òun nìkan ló mọ ohun tó wà lọ́kàn òun láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí Káfíńtà tó dé. Ayé ti sú u. Aṣọ àwọn oníbàárà ló jóná mọ́ ṣọ́ọ̀bù náà, tìyàwó tọkọ, aṣọ tí wọ́n fọkàn tán an fún, kò sì mọ ojú tí òun á fi wo ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ti ń rò ó pé ilé ayé yóò rọrùn fáwọn èèyàn bí òun ò bá sí níbẹ̀. Kò sọ èyí fún ẹlòmíì rí yàtọ̀ sí Màmá, ìyẹn sì di ẹ̀yìn ìgbà tó ti bá a fún aṣọ fún ọjọ́ pípẹ́.

Alágbàfọ̀ ni Màmá. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló ni ilé náà, àwọn yòókù sì jẹ́ ayálégbé. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ fẹ̀, igi ńlá kan wà láàárín rẹ̀, okùn ìsáṣọ sì gba ara igi náà lọ sára ògiri, ó tún gba ara ògiri padà sára igi, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń wá owó ẹyọ. Iṣẹ́ yìí ló kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tó ní, ó sì ń fi ẹ̀kọ́ náà yọ gbogbo èèyàn lẹ́nu. Aṣọ tó bá pẹ́ ní kọ̀rọ̀ yóò bu, ì báà ṣe aṣọ olówó ńlá. Kì í ṣe pé aṣọ náà burú. Wọn ò sá a ni.

"Ẹ ò rí i pé èèyàn náà ń bu?" á sọ bẹ́ẹ̀, á na ìka sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ojú ò sì ní tì í. "Ẹ lọ sá ara yín, ẹ jọ̀ọ́."

Ọkọ rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́gun rẹ̀. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, àga onítìmùtìmù kan ló sì wà fún un nínú yàrá wọn, rédíò wà lápá òsì, fèrèsé wà lápá ọ̀tún, kọ́tìnnì sì bo fèrèsé. Bàbá ní gbogbo ọjọ́ ayé òun lòun fi wà nínú oòrùn nídìí irin, pé òun ti gba ìpín tòun tán.

"Ṣé oúnjẹ tẹ́ ẹ jẹ lọ́dún tó kọjá ṣì wà nínú yín ni, Bàbá?" ni Màmá á bi í.

"Ìyá ilé, ìròyìn ni mò ń gbọ́."

"Ìròyìn náà, ìta ló ti ṣẹlẹ̀!"

Bàbá á fi ohùn rédíò sókè díẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa ń parí sí nìyẹn.

Òfin kan tún wà nínú ilé náà. Ìjà kò gbọdọ̀ wáyé nínú ilé. Ẹni tó bá fẹ́ jà, ẹni tó bá fẹ́ sunkún, ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo, ẹ̀yìnkùlé ni. Onígbàjámọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń gbé ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn kì í gba òfin gbọ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ohùn sókè débi pé rédíò Bàbá ò gbọ́ ara rẹ̀ mọ́. Màmá wọlé tọ̀ wọ́n, kò bi wọ́n ní ẹni tó jẹ̀bi, ó kàn fa àwọn méjèèjì lápá jáde, ó sì fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì búlúù náà lé wọn lọ́wọ́, etí kan fún ọkọ, etí kan fún aya.

Wọ́n ń yí i, wọ́n ń yí i, omi kan ò jáde. Àṣé apá kan náà ni wọ́n jọ ń yí i sí.

"Ẹ yí i lódì síra yín!" ni Màmá kígbe. "Háà, ẹ̀yin tí ẹ kì í fohùn ṣọ̀kan látàárọ̀ dalẹ́! Ibi tí ìjà yín ti wúlò rèé, ẹ wá ń rẹ́!"

Ìyàwó ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ gbìyànjú láti máa bínú lọ, àmọ́ omi ti dà sí i lẹ́sẹ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́, ó sòro fún un. Wọ́n parí ìjà náà nídìí igi yẹn pẹ̀lú ohùn tí èèyàn fi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣì ń jà títí dòní o, kí n má parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n fúnra wọn ni wọ́n ń gbé e jáde.

Àwọn kan rò pé ọjọ́ tí ilẹ̀kùn kúrò náà ni ara Télọ̀ yá. Irọ́ ni. Ní ọjọ́ kejì, ó tún bo orí. Màmá ò bá a jà. Ó kàn dúró níbi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀, aṣọ búlúù ń kán omi sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ọwọ́ mi ò ká a. Wá bá mi di etí kejì mú." Kí ni èèyàn fẹ́ sọ sí ìyẹn? Ta ni yóò wo ìyá àgbàlagbà tí omi ń kán sí lẹ́sẹ̀, tí yóò ní òun ò lè dìde? Télọ̀ dìde. Ní ọjọ́ kẹta, ó dìde. Ó ń kùn, ó ń fa ẹsẹ̀, àmọ́ ó dìde.

Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé oorun ló kọ́kọ́ padà. Láti ìgbà iná, ó lè fi gbogbo ọ̀sán sùn, àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ojú rẹ̀ á là kedere. Ẹ̀yìn ìgbà tó ti ń lo òwúrọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, oorun bẹ̀rẹ̀ sí í wá nígbà tó yẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Lẹ́yìn ìyẹn ló tún ṣàkíyèsí pé àwọn ẹyẹ kan ń gbé orí igi náà, pé wọ́n lariwo, pé wọ́n sì ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Àyà rẹ̀ tó ti le bí ẹni gbé òkúta lé e fúyẹ́ díẹ̀. Kò fúyẹ́ tán. Ìtìjú ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ níta, ó rí i pé ìtìjú náà ò tóbi tó bó ṣe rí nínú yàrá.

Aṣọ búlúù yẹn nìkan ni ò yé e. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fọ̀ ọ́. Ó tiẹ̀ ya ní igun kan, Télọ̀ fúnra rẹ̀ sì fi òwú pupa rán an, torí pé kò rí òwú búlúù. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe láti ọjọ́ tí iná ti jó nìyẹn. Ó máa ń káàánú oníbàárà tó ni aṣọ náà. Kí ló ń ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì gan-an?

"Màmá, ta ló tiẹ̀ ni aṣọ yìí?"

"Ẹnì kan tó máa ń làágùn."

"Lójoojúmọ́?"

"Ìwọ fún un, jẹ́ ká ríbi jókòó."

Ọjọ́ tó ń bẹ̀rù náà wá dé. Obìnrin kan wá kó aṣọ tó fún Màmá fọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ okùn, ó gbórí sókè, ó sì bá ara rẹ̀ lójúkojú pẹ̀lú Télọ̀. Aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ wà lára èyí tó jóná. Ẹsẹ̀ Télọ̀ fẹ́ sá, àmọ́ etí aṣọ búlúù wà lọ́wọ́ rẹ̀, Màmá sì di tirẹ̀ mú ṣinṣin ní apá kejì.

"Télọ̀!" ni obìnrin náà kígbe. "Ṣé o ṣì wà láyé ni?"

"Ẹ má bínú, ìyá. Aṣọ yín..."

"Aṣọ wo? Mo rò pé ìwọ gan-an lo bá iná lọ! Mo wá ọ títí, wọ́n ní o ò sí. Ọmọ náà wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣègbéyàwó, ó sì ti bímọ. Jọ̀ọ́, ọmọ tuntun náà nílò aṣọ."

Télọ̀ sunkún lábẹ́ okùn ìsáṣọ yẹn bí ọmọdé, kò sì bo ojú. Ní ọ̀sẹ̀ náà, Màmá gbé tábìlì kan sí abẹ́ igi, wọ́n yá maṣíìnì ẹnì kan, Télọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ ní ìta gbangba. Káfíńtà kan ilẹ̀kùn tuntun fún un. Ti àtijọ́ kò padà sílé mọ́, orí rẹ̀ ni Màmá ń lọ aṣọ títí ó fi kú.

Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn gbé e dé ilé ìwòsàn, àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé àwọn nọ́ọ̀sì ni kí wọ́n máa gbàdúrà fún. Ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé o. Kò fi ìta ṣe oògùn. Ó máa ń sọ pé oògùn ní iṣẹ́ tirẹ̀, oòrùn ní iṣẹ́ tirẹ̀, pé àwọn méjèèjì ò jọ ń jà. Ṣùgbọ́n bí Télọ̀ ṣe lọ bẹ̀ ẹ́ wò lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá bẹ́ẹ̀dì lófìfo, nọ́ọ̀sì sì ń sáré kiri. Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni wọ́n ti rí i. Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi kan, àwọn aláìsàn tí wọ́n lè rìn sì jókòó tì í lọ́tùn-ún lósì.

"Màmá! Ṣebí a ní kẹ́ ẹ sinmi!" ni nọ́ọ̀sì náà kígbe.

"Mò ń sinmi. Ibi tí mo ti ń sinmi lẹ ò fẹ́. Jókòó díẹ̀, ọmọ mi, ẹsẹ̀ ẹ ti wú."

Nọ́ọ̀sì náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn bóyá ọ̀gá ń bọ̀. Ó jókòó.

Màmá padà sílé, ó sì lo ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù fún un ní ẹ̀yìnkùlé, nínú àga, lábẹ́ okùn. Òwúrọ̀ kan tí atẹ́gùn fẹ́ jẹ́jẹ́ ló lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán, tí àwọn ọmọ wọn ti padà sí ìlú tí wọ́n ń gbé, Bàbá wọ yàrá, kò sì jáde mọ́. Rédíò ò dún. Ìyàwó onígbàjámọ̀ á gbé oúnjẹ lọ, á tún lọ gbé e bó ṣe wà. Onígbàjámọ̀ ní kí òun wá gẹ irun Bàbá, Bàbá ní rárá. Káfíńtà tilẹ̀ dúró níwájú ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú àpò irin iṣẹ́ rẹ̀, ó wò ó títí, ó sì padà. Àyà rẹ̀ ò gbà á láti yọ ilẹ̀kùn Bàbá.

Télọ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn. Ó mọ bí ògiri rẹ̀ ṣe máa ń sún mọ́ èèyàn. Ẹ̀rù bà á gidigidi, nítorí pé òun ti wà nínú irú rẹ̀ rí, ó sì mọ ibi tí èèyàn lè ronú dé níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Okùn ṣófo. Aṣọ búlúù wà lórí ilẹ̀kùn àtijọ́, wọ́n ti ká a dáadáa, òwú pupa hàn ní igun. Ó mọ́ tónítóní. Kò sí ohun tó ṣe é tó fi yẹ kó tún wọnú omi. Télọ̀ wò yíká, ó rí i pé ẹnikẹ́ni ò wo òun, ó sì tì í bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ojú ara rẹ̀ tì í. Ó dà bíi pé ó ń rẹ́ àgbàlagbà tó ń ṣọ̀fọ̀ jẹ.

Ó kanlẹ̀kùn, ó wọlé, omi ń kán sílẹ̀ látọwọ́ rẹ̀. Bàbá wà nínú àga, kọ́tìnnì wà ní pípadé. Nídìí fèrèsé ni tábìlì kékeré Màmá wà, èyí tó fi aṣọ funfun bò títí dé ilẹ̀, tó gbé ìkòkò òdòdó lé, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkan lé.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ò ká a ni. Ẹ... ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi di etí kejì mú."

Bàbá wo aṣọ náà. Lẹ́yìn náà ló bi í léèrè ní ohùn tó ti há nítorí àìsọ̀rọ̀:

"Ṣé ó dọ̀tí ni?"

Télọ̀ fẹ́ parọ́, irọ́ ò wá. "Rárá, sà. Ó mọ́. Èmi ni mo tì í bomi. Ẹ dárí jì mí."

Èjìká Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Télọ̀ rò pé ẹkún ni, àfi ìgbà tó gbọ́ ẹ̀rín.

"Ṣé o rò pé ìwọ lo kọ́kọ́ ṣe é ni? Aṣọ yẹn ò dọ̀tí rí! Orí bẹ́ẹ̀dì wa níbí ló ti yọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n yọ ilẹ̀kùn rẹ, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń ká a látorí okùn ní gbígbẹ, tó ń wò ó bóyá ó mọ́, tó tún ń tì í bomi. Mo ní, 'Ìyá ilé, ọṣẹ́ ni ò ń ṣe aṣọ yìí.' Ó ní kí n máa gbọ́ ìròyìn mi."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọwọ́ àwọn ò ká a..."

Bàbá na ọwọ́ sí tábìlì ìdí fèrèsé. "Ká aṣọ yẹn sókè."

Télọ̀ gbé ìkòkò òdòdó kúrò, ó ká aṣọ funfun sókè. Kì í ṣe tábìlì. Ẹ̀rọ ìfúnṣọ ni, èyí tó máa ń fún omi kúrò lára aṣọ fúnra rẹ̀, ó ń dán, kò tíì fún aṣọ kankan rí.

"Èmi ni mo rà á fún un nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, nítorí apá tó ń dùn ún," ni Bàbá wí. "Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó tiẹ̀ kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé òdòdó lé e. Ó ní bí òun bá ń lo ẹ̀rọ yìí, kí ni òun á wá máa fi pe àwọn èèyàn jáde?" Ẹ̀rín náà dá mọ́ ọn lẹ́nu, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Gbogbo yín ló pè. Gbogbo yín lẹ dìde. Èmi nìkan ni mo jókòó."

Télọ̀ na etí aṣọ náà sí i, omi sì ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì tí Màmá kì í jẹ́ kí wọ́n wọ bàtà tẹ̀. Bàbá wo omi náà. Ó mí kanlẹ̀. Ó di apá àga mú, ó sì dìde.

Wọ́n jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Bàbá fi ọwọ́ bojú nítorí oòrùn, ó dúró díẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó gbà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí aṣọ, omi kan ò jáde.

"Bàbá, ẹ yí i lódì sí tèmi, sà."

Bàbá yí i padà. Omi dà sí wọn lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Wọ́n sá a sórí okùn, wọ́n sì jókòó sábẹ́ igi, Télọ̀ nídìí maṣíìnì, Bàbá nínú àga Màmá. Ìyàwó onígbàjámọ̀ gbé oúnjẹ wá fún wọn. Bàbá jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó bi Télọ̀ bóyá ojoojúmọ́ ni àwọn ẹyẹ yìí ń pariwo báyìí. Télọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí aṣọ fi gbẹ. Télọ̀ dìde kó lọ ká a, àmọ́ Bàbá ti ṣáájú rẹ̀ dé ìdí okùn. Ó fà á wálẹ̀, ó fi í mọ́ imú, ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, ó wo inú rẹ̀ tó ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà, ó rọra tẹ̀ ba, ó sì ti aṣọ náà padà bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Kò tíì mọ́ tó," ni Bàbá wí. "Wá bá mi di etí kejì mú."